Pọ́ńpù Àrìnpé

Iná jó Abdulfatah nínú ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, lọ́jọ́ tí àwọn awakọ̀ fàyàwọ́ Ayétòrò àti ti Ìlaròó sá eré ìje lórí ọ̀dà, lásìkò tí ìjọba ti ẹnubodè pa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Àrìnpé wà lábẹ́ Pijó, epo bẹntiróòlù ń kán sí i lọ́rùn, ó ń bú ọkọ̀ náà bí ẹni ń bú orogún. Iṣẹ́olúwa, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, jókòó sídìí sítíárìn, ó ń tẹ ẹ́ńjìnnì kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́.

"Pa á!" Àrìnpé fi sípánà lu abẹ́ ọkọ̀. "Mo ní kó o pa á! Ṣé o fẹ́ dáná sun mí ni?"

Iṣẹ́olúwa pa á, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ó ń dún dáadáa o."

"Dídún kọ́ là ń wá. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà ń dún, kò gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kan rí."

Òótọ́ ló sọ. Ọkọ̀ náà mọ̀ ọ́n gbéra. Kò ní wàhálà ní jíà kìíní, kò ní wàhálà ní jíà kejì. Tó bá wọ jíà kẹta, tí Iṣẹ́olúwa bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò húkọ́, yóò sì rọ bí ẹni tí wọ́n gbá nínú. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Ebi ló ń pa á. Kabúrétọ̀ méjì ló wà lórí rẹ̀, pọ́ńpù kan ṣoṣo ló ń bọ́ wọn, rọ́bà tí epo ń gbà wá kò sì ju ìka ọmọdé lọ. Nínú pápá, níbi tí awakọ̀ ti ń sáré tó tún ń já sí kòtò, ìyẹn tó. Lórí ọ̀dà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹsẹ̀ kò ní kúrò lórí epo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò tó.

Nítorí náà Àrìnpé tú gbogbo rẹ̀. Ó yọ táǹkì ńlá tí wọ́n máa ń fi kó epo lọ sí Kútọnu kúrò. Ó gbé kékeré kan sínú búùtù, ó jó nǹkan jíjìn bí abọ́ mọ́ ìdí rẹ̀, kí epo lè máa kó jọ síbẹ̀, kó má baà sá kúrò lẹ́nu rọ́bà nígbà tí ọkọ̀ bá fò síwájú. Ó de pọ́ńpù tòkunbọ̀ méjì pọ̀, àwọn tí wọ́n kọ Faransé sí lára, kí wọ́n lè jọ máa fà. Ó pààrọ̀ rọ́bà sí èyí tó nípọn bí àtàǹpàkò. Ó fa rọ́bà mìíràn láti iwájú padà sí táǹkì, kí epo tí kabúrétọ̀ kò bá lè mu tán lè rí ọ̀nà gbà lọ, kó má baà bẹ́ ohun tó ń bọ́.

Ohun méjì wà tó ṣe bí gbogbo mẹkáníìkì ẹnubodè ṣe ń ṣe é, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa rọ́bà epo náà gba inú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Tó bá gba abẹ́ ọkọ̀, kùkùté inú pápá yóò fà á já lọ́jọ́ kìíní. Kò sì so pọ́ńpù mọ́ kọ́kọ́rọ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù tó bá dá ọkọ̀ dúró, kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ ń na ọwọ́ sí láti ojú wíńdò. Fún ìdí yìí, ẹ̀tàn ni kọ́kọ́rọ́ nínú ọkọ̀ fàyàwọ́. Súwíìṣì kan wà níbi tó pamọ́, tó ń gbé iná láti ara bátìrì lọ bá ẹ́ńjìnnì àti pọ́ńpù tààrà. Bí wọ́n bá já kọ́kọ́rọ́ gbà, awakọ̀ yóò máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ká a mọ́, yóò pa súwíìṣì, yóò bẹ́ wọgbó, kò sì sí kọ́sítọ́ọ̀mù tó lè mú ọkọ̀ náà kúrò lójú kan. Awakọ̀ àti mẹkáníìkì nìkan ló ń mọ ibi tó wà.

Ìsàlẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì Ìlaròó máa ń fi tiwọn sí, lábẹ́ sítíárìn tàbí lábẹ́ ìjókòó. Àrìnpé fi tirẹ̀ sí òkè, sínú iná kékeré tó wà ní òrùlé ọkọ̀, èyí tí gbogbo èèyàn rò pé gílóòbù rẹ̀ ti kú. Gbogbo ọkọ̀ àwọn ará Ayétòrò tó ń ná pápá ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù tó wo òkè rí.

Bàrúwà fẹ́ mọ ibi tó wà. Bàrúwà ni ọ̀gá àwọn awakọ̀ Ìlaròó, ó sì máa ń ta awakọ̀ ẹlòmíràn fún kọ́sítọ́ọ̀mù kí wọ́n lè fojú fo tirẹ̀. Ní ìgbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ gbé Àrìnpé lójú ọ̀nà oko. Wọ́n tì í mọ́ inú ilé kan tí wọ́n máa ń kó kòkó sí, wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ dé ìbàdí, wọ́n fi wáyà iná nà án. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í: níbo ló wà? Wọ́n nà án títí ó fi tọ̀ sára. Kò sọ. Abdulfatah, tó ń wakọ̀ fún Bàrúwà, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò nà án. Kò sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò.

Láti ìgbà náà, àwọn awakọ̀ Ayétòrò máa ń dìde bí Àrìnpé bá wọlé. Wọ́n ní irin ni ẹnu rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ nípa rẹ̀ rí tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó fi àkísà nu ọrùn. "Tẹ̀ ẹ́ báyìí."

Iṣẹ́olúwa na ọwọ́ sókè, ó tẹ súwíìṣì. Àwọn pọ́ńpù méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn kan náà, bí oyin nínú ihò igi. Ó ṣí ọkọ̀. Ó gbé e jáde lọ sójú ọ̀nà, ó lọ, ó bọ̀. Àrìnpé dúró lẹ́bàá gọ́tà, ó tẹ́tí sí i. Jíà kìíní. Jíà kejì. Jíà kẹta: kò húkọ́.

"Ó ti yó," ni Iṣẹ́olúwa wí nígbà tó padà dé, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní ṣe oògùn sí i?"

"Bẹntiróòlù ni mo ṣe sí i. Sọ̀ kalẹ̀, kó o wá jẹun."

"Tí mo bá pàdánù ńkọ́?"

"O ò ní pàdánù."

"Mo ní tí mo bá pàdánù."

"Wàá kúrò lójú ọ̀nà yẹn, wàá wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí nìyẹn."

Iṣẹ́olúwa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo borí o, mo pàdánù o, ọ̀nà yẹn ni mo máa gbà lọ́la."

Kò ya Àrìnpé lẹ́nu. Ọ̀nà pápá kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn Ìjoùn tí ọkọ̀ lè gbà kọjá láìrí sójà. Àwọn ará Ayétòrò ní tiwọn ni, Bàrúwà ní tòun ni. Wọ́n ti fi àdá bá ara wọn sọ ọ́. Nínú ìjà tó kẹ́yìn, Mákindé, tó ń wa ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ tí Àrìnpé ń tọ́jú, fi ìka ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú koríko, ajá sì gbé e lọ kí wọ́n tó rí i. Nígbà tó yá, ìjà sú àwọn méjèèjì. Wọ́n ní kí ọkọ̀ pinnu. Ọkọ̀ kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, lórí ọ̀dà tó gùn tọ́ọ́ láti afárá dé ìdí àwọn igi tíìkì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ló lọ̀nà. Bàrúwà sì ti búra pé bí òun bá borí, tí òun tún rí Iṣẹ́olúwa nínú pápá, òun yóò sin ín síbẹ̀. Àrìnpé mọ Bàrúwà, ó mọ àbúrò rẹ̀. Èkíní kì í búra lásán, èkejì kì í gbọ́ràn. Ọ̀nà kan ló kù tí Iṣẹ́olúwa yóò fi wà láàyè: kó borí.

Nígbà tí oòrùn kúrò lágbedeméjì ọ̀run, wọ́n kó ara wọn lọ sí afárá. Ọ̀nà náà dá páropáro. Látìgbà tí wọ́n ti ti ẹnubodè, ọkọ̀ ẹrù láti Ìdí-Ìrókò kì í kọjá mọ́. Àwọn ará Ayétòrò wà ní apá kan, àwọn ará Ìlaròó wà ní apá kejì, olúkúlùkù lórí ọ̀kadà. Kò sí ẹni tó gbé àdá lọ́wọ́. Abẹ́ ìjókòó ọ̀kadà ni wọ́n kó o sí.

Abdulfatah wà nínú Gọ́ọ̀fù pupa kan, ó yọ orí síta. Ó tóbi ju Iṣẹ́olúwa lọ, ó sì dàgbà jù ú lọ díẹ̀.

"Àbúrò, mú nǹkan bo imú o. Èéfín mi lo máa mu títí dé ọ̀hún."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe ìyàwó yín lórí fóònù," ni Iṣẹ́olúwa dáhùn. "Ẹ ní kí Toyibat má gbọ́njẹ kalẹ̀ o, ẹ máa pẹ́ kí ẹ tó dé."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn ará Ìlaròó. Abdulfatah náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rí Àrìnpé, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀. Ó kí i. Àrìnpé yí ojú sí afárá.

Àṣà kan wà láàárín wọn bí wọ́n bá fẹ́ fi ọkọ̀ díje: wọ́n máa ń pààrọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ẹgbẹ́ yìí yóò lọ dúró ti ẹgbẹ́ kejì títí eré yóò fi parí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe ohun tí kò yẹ sára ọkọ̀ ẹlòmíràn. Àyàntúndé, mẹkáníìkì Ìlaròó, dúró ní afárá láàárín àwọn ará Ayétòrò. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé Àrìnpé lọ bá Bàrúwà ní ìdí igi tíìkì, níbi tí eré yóò parí sí.

Bàrúwà jókòó sórí táyà àlòkù, ó ń jẹ ẹ̀pà. Husain, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tó ki pọ́pọ́, dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá mẹkáníìkì," ni Bàrúwà wí. "Ẹ̀yìn rẹ ti san?"

"Ẹ̀yìn mi ò kàn yín, ẹ̀gbọ́n."

"Ó kàn mí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀." Ó tu èèpo ẹ̀pà sílẹ̀. "O le o. Ọkùnrin tó ju ogún lọ ni mo ti bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn, kò sí èyí tí kò sọ̀rọ̀."

Àrìnpé kò wo ojú rẹ̀. Ọ̀nà ló ń wò.

Ohùn àwọn ọkọ̀ náà kọ́kọ́ dé kí wọ́n tó rí wọn. Àrìnpé di ojú. Kò nílò ojú. Ó gbọ́ Gọ́ọ̀fù, ohùn rẹ̀ tínrín. Ó gbọ́ Pijó rẹ̀. Jíà kìíní já, jíà kejì gbà á. Jíà kejì já. Jíà kẹta gbà á, ó sì ń lọ sókè, ń lọ sókè, kò húkọ́, kò rọ, epo ń dé, epo ń dé. Ó la ojú. Pijó ti fi odindi ọkọ̀ kan ṣáájú.

"Ó ti jẹ ẹ́," ni Àrìnpé wí jẹ́jẹ́. Kò mọ̀ pé ẹnu òun sọ ọ́ jáde.

Bàrúwà dìde. Ó kàn mi orí sí Husain, Husain sì gbé ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan nílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ bọ́ sí etí ọ̀dà, ó sì sọ ọ́.

Búlọ́ọ̀kù náà wọ gíláàsì iwájú. Kò sí ẹni tó gbọ́ bírékì. Pijó kọjá ibi ìparí, ó borí, ó yí ìdí síta, ó fò kúrò lórí ọ̀dà, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ iwájú lu igi tíìkì. Igi náà mì dé òkè. Ewé gbígbẹ gbogbo tó wà lórí rẹ̀ wọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àrìnpé sáré. Husain fi ẹsẹ̀ gbá a ní orúnkún, ó ṣubú, ó fi ojú gbálẹ̀. Kó tó dìde, Bàrúwà ti gbá a ní ọwọ́ mú, ó ká a sí ẹ̀yìn títí egungun fi dún.

"Dúró. Àwọn ará yín ń bọ̀. Ìwọ ni mo máa fi bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Epo wà níbẹ̀! Epo wà nínú ọkọ̀!"

Àwọn ará Ayétòrò ṣì wà ní ọ̀nà jíjìn, ìró ọ̀kadà wọn ń bọ̀. Abdulfatah ló kọ́kọ́ dé. Ó ti kọjá ibi ìparí, ó tẹ bírékì títí Gọ́ọ̀fù fi yí po, ó bẹ́ sílẹ̀, ó sì ń sáré padà. Ilẹ̀kùn awakọ̀ ti wó mọ́ igi. Ó gba ilẹ̀kùn kejì wọlé, ìdajì ara rẹ̀ nínú, ìdajì níta. Iṣẹ́olúwa ti dákú, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, irin iwájú ti tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Abdulfatah fà á. Kò wá. Ó tún fà á.

"Yọ kọ́kọ́rọ́!" ni ẹnì kan kígbe lẹ́yìn.

Abdulfatah já kọ́kọ́rọ́, ó jù ú síta. Ẹ́ńjìnnì ti kú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn pọ́ńpù ń kùn lọ. Láti ibi tí Bàrúwà ti ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, Àrìnpé ń gbọ́ wọn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bó ṣe tò wọ́n, wọ́n jọ ń fà. Rọ́bà ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, gbogbo ohun tí wọ́n ń fà sì ń tú sórí Iṣẹ́olúwa.

Awakọ̀ fàyàwọ́ ni Abdulfatah. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ sítíárìn, níbi tí wọ́n ń fi í sí ní ilé tirẹ̀. Ó wá a. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, epo dé e lọ́rùn ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Àrìnpé! Súwíìṣì dà?"

Àrìnpé la ẹnu.

Bàrúwà dẹ ọwọ́ tó fi dì í mú. Ó tẹ orí síwájú díẹ̀. Ó yí ojú sí ẹnu rẹ̀, kì í ṣe sí ọkọ̀, ó sì ń dúró, bó ṣe dúró ní ilé kòkó.

Àrìnpé pa ẹnu dé.

"Ẹ̀gbọ́n! Ó ń dà lé e lórí! Níbo lẹ fi sí?"

Ó rí gbogbo rẹ̀: Mákindé pẹ̀lú ọwọ́ tí kò pé, àwọn ọkọ̀ yòókù, àwọn awakọ̀ tó ń dìde fún un. Ó rí àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe pé kò rí i. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò gùn. Ẹnu rẹ̀ kàn ti kọ́ nǹkan kan dáadáa ju bó ti yẹ lọ. Kò pẹ́ rárá. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè fi Kùránì búra pé òun kò rí i pé ó dákẹ́.

Iná ṣẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kéré, ó dúdú díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan sítóòfù. Ó ń wá ọ̀nà bọ̀ sínú ọkọ̀.

"Òkè!" Ohùn tó jáde kò jọ tirẹ̀. "Òkè ni! Inú iná òrùlé! Òkè, Abdulfatah, òkè!"

Ọwọ́ Abdulfatah ṣì wà ní ìsàlẹ̀, nínú epo, nígbà tí iná dé ibẹ̀. Iná náà gun ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá. Ó ké, igbe tí Àrìnpé kò gbọ́ lẹ́nu àgbàlagbà rí. Ó gbé ọwọ́ tó ń jó náà sókè, ó lu iná òrùlé. Àwọn pọ́ńpù dákẹ́.

Kò jáde. Ìyẹn ni gbogbo èèyàn ń sọ lẹ́yìn náà, pé kò jáde. Ó fi ọwọ́ tó ń jó di Iṣẹ́olúwa mú ní abẹ́ apá, ó gbé ẹsẹ̀ lé ara ọkọ̀, ó fà á títí ẹsẹ̀ Iṣẹ́olúwa fi kán, tó sì bọ́ jáde. Ó wọ́ ọ dé inú koríko. Lẹ́yìn náà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu ilẹ̀ kí iná lè kú.

Bàrúwà ti sọ Àrìnpé sílẹ̀. "Òkè," ó ń wí fún ara rẹ̀, ó ń mi orí. "Òkè, àbí?" Ó dà bíi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àrìnpé gbé ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù mìíràn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi lu ẹnu náà. Ó tún lù ú. Eyín bọ́ sórí ọ̀dà. Ó ṣì ń lu ohun tó wà níwájú rẹ̀ nígbà tí àwọn ará Ayétòrò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí wọ́n sì bọ́ sí Husain lára pẹ̀lú irin jáàkì. Husain bẹ̀ wọ́n. Kò sí ẹni tó gbọ́. Wọ́n lù ú títí kò fi bẹ̀bẹ̀ mọ́. Àwọn ará Ìlaròó kò jà fún un. Wọ́n ti rí ẹni tó wọ inú iná, wọ́n sì ti rí ẹni tó ju búlọ́ọ̀kù.

Gọ́ọ̀fù pupa ni Àrìnpé fi gbé àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù ní Ìlaròó. Iṣẹ́olúwa dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ó ti ń kérora. Abdulfatah jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Àrìnpé níwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó gbé àwo, kí wọ́n má baà kan nǹkan kan. Awọ ń já lára wọn. Kò sunkún. Nígbà tí wọ́n já sí kòtò, ó ní, "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n rán orí Iṣẹ́olúwa, wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní yóò rìn. Ó sùn. Àrìnpé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó wo àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń wá sílẹ̀. Ohun tó fẹ́ nìyẹn, ó sì rí i gbà.

Fóònù rẹ̀ dún. Mákindé ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà ti di tiwa! Àwọn ará Ìlaròó ti gbà. Bàrúwà ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹ tú u lẹ́nu!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ti òkè o. Ibo la ó gbé e sí báyìí?"

"Inú àpótí fíúùsì," ni Àrìnpé dáhùn, "lẹ́yìn rédíò."

Ó pa fóònù. Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé òun kò ronú kí òun tó dáhùn. Ó ti rí ibi náà tẹ́lẹ̀, nínú Gọ́ọ̀fù, lójú ọ̀nà, pẹ̀lú òórùn ọwọ́ ọkùnrin yẹn ní imú rẹ̀. Nígbà tí Abdulfatah ń sọ pé kó rọra, ó ń wá ibi tí yóò gbé súwíìṣì sí.

Toyibat wà ní yàrá kejì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, híjáàbù rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wọ bàtà tí kò bára mu. Bó ṣe rí Àrìnpé, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ má kúnlẹ̀," ni Àrìnpé wí.

"Wọ́n sọ fún mi, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ pariwo ibi tó wà fún un. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe yín ni, gbogbo ara rẹ̀ ni ì bá jó. Ọlọ́run á san án fún yín."

Àrìnpé wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò.

Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ Abdulfatah. Ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó là. Ó ti ń gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Mo wà níbí."

"Ìgbà tí mo kọ́kọ́ pè yín." Ó mí. "Ṣé ẹ gbọ́?"

Toyibat gbé ojú sókè láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. Ariwo pọ̀, ibẹ̀ jìn, ọ̀kadà ń bọ̀: irọ́ náà ti wà lẹ́nu Àrìnpé, ó rọrùn, kò sì sí ẹni tí yóò já a.

"Mo gbọ́," ni Àrìnpé wí.

Abdulfatah mi orí díẹ̀, bí ẹni tó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ará ibẹ̀, tí wọ́n sì ti júwe fún un. Ó yí ojú sí ògiri. Toyibat dìde nílẹ̀, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì ibùsùn.

Wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún Abdulfatah lókè ìgúnpá, wọ́n sì gé ti òsì ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó wà láàyè. Wọ́n ti ṣí ẹnubodè padà báyìí, àwọn ọkọ̀ sì ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí wọ́n bá pe ìrun, Toyibat yóò gbé àga kékeré síta fún un, yóò bu omi, yóò sì ṣe àlùwàlá fún un: yóò fi omi sí i lẹ́nu, yóò fọ imú rẹ̀, yóò fọ ojú rẹ̀. Tó bá dé apá, kì í pẹ́ níbẹ̀.